Ọgbà Ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé

Ọgbà Ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé jẹ́ ọgbà ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ní apá àríwá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí ó ti bá Ìpínlẹ̀ Kwara pààlà. Fífẹ̀ rẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóòró. Inú rẹ̀ ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà, olú-ìlú ilẹ̀ ọba Ọ̀yọ́ àtijọ́, tí àwọn Haúsá ń pè ní Katunga.

Nígbà tí Hugh Clapperton, ará Scotland, dé ibẹ̀ ní 1826, Aláàfin ṣì wà lórí ìtẹ́, ó sì gbà á lálejò ju oṣù kan lọ. Àmọ́ nǹkan ti ń bàjẹ́ nígbà yẹn. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ti ya Ìlọrin kúrò lábẹ́ Ọ̀yọ́, Ìlọrin sì ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn Fúlàní. Lẹ́yìn tí Aláàfin Olúewu kú sójú ogun láàárín ọdún 1830 sí 1839, ará ìlú kó ẹrù, wọ́n forí lé gúúsù. Àgọ́-Ọjà ni Àtìbà ti jọba, ibẹ̀ ló di Ọ̀yọ́ òde òní. Igbó gba ilé onílé.

Odi amọ̀ tó yí ìlú náà ká ṣì wà níbẹ̀ bí ebè gígùn, igi ti hù lórí rẹ̀. Àpáàdì ìkòkò fọ́n káàkiri ilẹ̀, ojú ọlọ tí àwọn obìnrin ti lọ nǹkan sì jìn sínú àpáta. Igi oṣè ńláńlá dúró láàárín ahoro. Frank Willett, awalẹ̀pìtàn, ṣe ìwádìí níbẹ̀ ní 1956 sí 1957.

Igbó ọba méjì ni wọ́n pa pọ̀ di ọgbà yìí: Òkè Ògùn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1936, àti Ọ̀yọ́-Ilé, ti 1941. Wọ́n di ibi ìpamọ́ ẹranko ní 1952, ìjọba àpapọ̀ sì gbà á ní 1991. Ìsokùn nílùú Ọ̀yọ́ ni olú-ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ilẹ̀ ọ̀dàn ló pọ̀ jù níbẹ̀, odò Ògùn àti àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ló ń bomi rin ín. Ẹfọ̀n, ìgalà, ẹtu, ìmàdò àti ìjìmèrè wà lára ẹranko ibẹ̀. Ọdẹ tí kò gbàṣẹ àti àwọn darandaran ni ìṣòro tó ń bá àwọn ẹ̀ṣọ́ fínra jù.

Láti 1995 ni Ọ̀yọ́-Ilé ti wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO gbà wọlé gẹ́gẹ́ bí ogún àgbáyé. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ti wọlé ní 2005.