Ẹ̀kọ Tó Ń Ṣàn Bí Omi Kò Lè Bọ́ Ọmọ

Ọmọ oṣù mẹ́jọ lè mu ẹ̀kọ lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, kí ikùn rẹ̀ le koko lẹ́yìn oúnjẹ, síbẹ̀ kí ìwọ̀n rẹ̀ má kúrò lójú kan lórí káàdì àjẹsára. Ìyá rẹ̀ á ní, “Ó ń jẹun o, kì í kọ oúnjẹ.” Òótọ́ ló ń sọ. Omi ló pọ̀ jù nínú ohun tí ọmọ ń jẹ.

Ikùn ọmọ tó wọn kílò 8 kò gbà ju nǹkan bíi mílílítà 240 lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí omi bá ti gba àyè yẹn, oúnjẹ ò ráyè wọlé mọ́. Ògì fúnra rẹ̀ sì ti pàdánù nǹkan lójú asẹ́: èèrí tí a ń dà fún ewúrẹ́ gbé púpọ̀ nínú èròjà amáradàgbà inú àgbàdo lọ.

Kí ló dé tí ẹ̀kọ ọmọ fi ń ṣàn? Fídà ni, ọwọ́ sì ni. Ẹ̀kọ tó ki kò lè gba ihò fídà kọjá, kò sì ṣeé rọ ọmọ, ni wọ́n ṣe ń bu omi là á. Ìfẹ́ ni àwọn ìyá àgbà wa fi ń rọ ọmọ, pàápàá nígbà tí ìyá ọmọ ti lọ sí Òyìngbò tàbí Ìdúmọ̀tà látàárọ̀, ṣùgbọ́n ewu ńlá ni. Wọ́n á tẹ́ ọmọ sí itan, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ dé e lẹ́nu, wọ́n á da ẹ̀kọ sí i. Ọmọ á máa ké, á sì máa wá èémí. Ibi tó bá ti fẹ́ mí ni ẹ̀kọ ti lè yà sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ó lè pa á lójú ẹsẹ̀, ó sì lè di ikọ́ àti ibà tó le. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá wa, ṣíbí kékeré àti abọ́ ni kí ẹ máa lò. Abọ́ tún rọrùn fọ̀ ju fídà lọ, ìyẹn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní ìlú bí Èkó tí kọ́lẹ́rà ti bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2024.

Fún ọmọ oṣù 6 sí 8, ìwọ̀n oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan rèé: ṣíbí ìjẹun 2 ògì tútù tí a ti fún omi rẹ̀ dáadáa, ṣíbí ìjẹun 1 ìyẹ̀fun sóyà, ṣíbí tíì 1 edé tàbí ẹja yíyan tí a lọ̀ kúnná, ṣíbí tíì 1 epo pupa tí a kò yọ́ funfun, àti omi ìdajì ife. Ẹ fi omi tútù po ògì àti sóyà nínú ìkòkò kí ẹ tó gbé e kaná. Ẹ máa rò ó lórí iná kékeré, kó hó fún ìṣẹ́jú 5 sí 10. Bó bá ti ń ki ni kí ẹ da ẹja sí i, kí epo ṣe ìkẹyìn. Omi híhó tí àgbàlagbà ń dà lé ògì lórí kò lè mú sóyà jinná. Ẹ fi ṣíbí bu ẹ̀kọ náà, kí ẹ yí ṣíbí sẹ́gbẹ̀ẹ́: ó yẹ kó dúró, kó máa rọra yọ́ bọ́. Bó bá ń kán tó, tó, tó, omi ti pọ̀. Bó bá sì ki jù fún ọmọ, ẹ fún omi ọmú sí i.

Sóyà ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe. Wọ́n á da tútù rẹ̀ mọ́ àgbàdo, wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ, inú á sì máa run ọmọ. Sóyà tútù ní ohun kan nínú tí kì í jẹ́ kí ara lo èròjà amáradàgbà. Iná ló ń pa á. Ẹ ṣà á, ẹ dà á sínú omi tó ti ń hó (bí a bá fi omi tútù gbé e kaná, á máa rùn), kó hó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ bó èèpo rẹ̀, ẹ sá a kó gbẹ kangí, ẹ yan án títí yóò fi pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Ẹ tọ́jú rẹ̀ lọ́tọ̀ sínú agolo tó ní ìdérí, nítorí ògì tútù tí sóyà wà nínú rẹ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́, pàápàá níbi tí iná mànàmáná kò dúró.

Bí ẹ̀pà lílọ̀ lẹ bá máa fi rọ́pò sóyà, ẹ ṣa èyí tó bu, tó rún tàbí tó dúdú dànù. Sísun kò lè mú májèlé inú rẹ̀ tán.

Ọmọ oṣù 6 sí 8 á jẹ ẹ̀ẹ̀mejì sí mẹ́ta lójúmọ́, ọmọ oṣù 9 sí 11 á jẹ ẹ̀ẹ̀mẹta sí mẹ́rin, ọmú á sì máa lọ títí di ọdún 2. Ẹ fún un ní ẹyin sísè tó jinná dénú. Ẹyin kò sọ ọmọ kankan dolè. Oyin ni kò gbọ́dọ̀ kàn án lẹ́nu kó tó pé ọdún kan.

Bí apá ọmọ bá ń tín-ín-rín, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé tó súnmọ́ yín, kí wọ́n fi okùn ìwọnpá wọ̀n ọ́n. Láti oṣù 6 títí tí yóò fi pé ọdún 5, sẹ̀ǹtímítà 12.5 sókè ló dára. Bó bá wà ní 11.5 sí 12.5, ó nílò ìtọ́jú. Bí kò bá tó 11.5, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Ọmọ tó sanra ńkọ́? Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ òkè ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì (ẹ̀yìn àtẹ́lẹsẹ̀) títí ẹ ó fi ka ení, èjì, ẹ̀ta. Bí ojú ibẹ̀ bá jìn, tí kò tètè kún padà, ara wíwú ni, kì í ṣe ẹran ara. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.