Ìrìnàjò bọ́ọ̀sì ọ̀nà jíjìn láti Àgbádárìgì

Ìrìnàjò bọ́ọ̀sì ọ̀nà jíjìn láti Àgbádárìgì jẹ́ ọ̀kan lára ọ̀nà tí arìnrìn-àjò alápò-ẹ̀yìn, ìyẹn ẹni tó ń fi owó tí kò tó nǹkan rìn kiri, lè gbà rin etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láìwọ bàálù. Ìpẹ̀kun Ìpínlẹ̀ Èkó níhà ìwọ̀-oòrùn ni Àgbádárìgì wà, nǹkan bí kìlómítà 20 sí ibodè Sẹ̀mẹ̀, níbi tí Nàìjíríà ti bá orílẹ̀-èdè Benin pààlà. Títì tó gba ẹ̀bá ìlú náà kọjá jẹ́ apá kan ọ̀nà tó ti Èkó gba Benin, Togo àti Ghana dé Abidjan, tí gígùn rẹ̀ lé díẹ̀ ní kìlómítà 1,000.

Ọkọ̀ àti garáàjì

Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì ńlá tó ń lọ sí Kútọnu, Lomé àti Accra kì í gbéra ní Àgbádárìgì. Inú Èkó ni garáàjì wọn wà, ní Jibowu, Maza-Maza àti agbègbè Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Ẹ̀bá Àgbádárìgì ni wọ́n kàn ń gbà kọjá. Ẹni tó bá sùn sí Àgbádárìgì lè padà sẹ́yìn lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì ní Èkó, tàbí kó máa wọ ọkọ̀ kéékèèké láti ibì kan dé ibòmíràn títí yóò fi dé ibi tó ń lọ.

Ọkọ̀ tó ń ná Àgbádárìgì sí Sẹ̀mẹ̀ kò ní aago kan pàtó. Ìgbà tó bá kún ló ń gbéra. Bí àgbèrò bá ń pariwo pé “ó ku ẹnì kan”, ó dára kí èrò kọ́kọ́ yọjú wo inú ọkọ̀ kó tó sanwó, nítorí àyè mẹ́rin lè ṣì ṣófo. Àpò ńlá yóò wọ búùtù, ó sì lè gba owó ọ̀tọ̀. Àpò kékeré tí ìwé ìrìnnà àti owó wà nínú rẹ̀, orí itan ni àyè rẹ̀. Ní ọjọ́ ọjà Àgbálátà, tí wọ́n ń ná ní ọrọọrún, ẹrù oníṣòwò máa ń gba ààyè nínú ọkọ̀, ìdúró a sì máa pẹ́ ju ti ọjọ́ mìíràn lọ.

Fún ẹni tó ń bọ̀ láti Erékùṣù Èkó, ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní September 2023 láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13, ti mú apá kan wàhálà náà kúrò. Káàdì Cowry, ìyẹn káàdì tí èrò fi ń sanwó ọkọ̀, ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́. Láti Mile 2 ni yóò ti wá ọkọ̀ Àgbádárìgì.

Ibodè Sẹ̀mẹ̀

Ibodè ni ìrìnàjò yìí ti yàtọ̀ sí ti abẹ́lé, ibẹ̀ náà sì ni owó tí arìnrìn-àjò rò pé òun ti tọ́jú ti lè yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú àjọ náà láyè láti wọ orílẹ̀-èdè ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kó sì lo ọjọ́ 90 níbẹ̀ láìgba físà. Kò ní kó rìn lọ́wọ́ òfo: ìwé ìrìnnà tó ṣì wúlò àti ìwé ẹ̀rí àjẹsára gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àjẹsára ibà pọ́njú ni wọ́n sábà máa ń béèrè, èyí tí gbogbo awakọ̀ mọ ìwé rẹ̀ sí yẹ́lò káàdì. Ọjọ́ 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni ìwé náà ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹni tó lọ gbà á ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìrìnàjò ti pẹ́ jù. Láti 2016, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ti tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni.

Àjèjì tí kì í ṣe ọmọ ECOWAS ní láti mọ bí físà rẹ̀ ṣe rí kó tó kúrò ní Àgbádárìgì. Benin àti Togo ní físà tí wọ́n ń gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ti Nàìjíríà ló yẹ kó fiyè sí jù: bí físà rẹ̀ bá jẹ́ ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, kò ní lè fi í padà wọlé mọ́ bó bá ti kọjá Sẹ̀mẹ̀.

Àwọn ibùdó àyẹ̀wò pọ̀ láàárín Àgbádárìgì àti Sẹ̀mẹ̀, ti Gbájì sì wà lára èyí tí èrò mọ̀ jù. Ọlọ́pàá, kọ́sítọ́ọ̀mù àti òṣìṣẹ́ ìwọlé-wọ̀de lè dá ọkọ̀ kan náà dúró níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀nà tí kò jìn sì lè gba wákàtí. Ní October 2018, Ààrẹ Muhammadu Buhari ti Nàìjíríà àti Ààrẹ Patrice Talon ti Benin ṣí ibùdó ibodè alájọlò, kí òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè méjèèjì lè máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé kan. Kò pé ọdún kan tí Nàìjíríà fi ti ibodè rẹ̀ pa, ní August 2019. December 2020 ni wọ́n tó tún Sẹ̀mẹ̀ ṣí. Ìtàn yìí ṣe pàtàkì fún olówó péréte, nítorí ẹni tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n kò ní agbára láti dúró de ibodè.

Níbi tí wọ́n ti ń ṣẹ́ owó, ìdì sẹ́fà àti ìdì náírà á wà lórí tábìlì lábẹ́ agboòrùn, ẹ̀rọ ìṣirò á wà láàárín wọn. Oníṣẹ́ owó á tẹ iye tó fẹ́ san, á sì yí ojú ẹ̀rọ náà sí oníbàárà. Bíbéèrè lọ́wọ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta kì í ṣe àrífín, kí èèyàn sì ka owó tirẹ̀ pé kó tó yíjú kúrò. Sẹ́fà kan náà ni Benin àti Togo ń ná, kò sí ìdí láti tún un ṣẹ́ títí dé Ghana.

Ibí yìí ni ìyàtọ̀ ọkọ̀ àlọtààrà àti ọkọ̀ kéékèèké ti hàn jù. Nínú ọkọ̀ àlọtààrà, bí ìwé ẹnì kan bá lábùkù, gbogbo èrò lè dúró dè é. Àmọ́ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà mọ ojú ibodè, ó sì ń bá èrò sọ̀rọ̀. Ẹni tó dá lọ kò dúró de ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n òun nìkan ni yóò dáhùn gbogbo ìbéèrè. Owó ọkọ̀ kéékèèké lè kéré lójú, kí ìnáwó ojú ọ̀nà tún sọ ọ́ di ọgbọọgba.

Lẹ́yìn ibodè

Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní 1889 la àárín àwọn Ògù kọjá. Èdè Ògù tí wọ́n ń sọ lọ́jà Àgbádárìgì ni wọ́n ń sọ ní Àjàṣẹ́ tí Faransé ń pè ní Porto-Novo, Yorùbá náà sì wà níbẹ̀ gbọnmọgbọnmọ. Ẹni tó gbọ́ ọ̀kan nínú méjèèjì lè dúnàádúrà owó ọkọ̀ láìmọ Faransé rárá. Àjàṣẹ́ sí Kútọnu tó nǹkan bí kìlómítà 30. Nínú ìlú méjèèjì, zémìjàn, ìyẹn ọ̀kadà ibẹ̀, ló ń gbé èrò láti garáàjì dé ibi tó ń sùn.

Wídà, ìlú Benin tí Faransé ń pè ní Ouidah, wà ní nǹkan bí kìlómítà 40 sí Kútọnu. Ẹni tó ti wọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà láti Àgbádárìgì lọ sí Gbẹ́rẹ̀fú, tó sì ti fẹsẹ̀ rin ipa ọ̀nà tí wọ́n mú àwọn ẹrú gbà dé etí òkun, yóò rí ìkejì ọ̀nà náà ní Wídà. Bó bá tún tẹ̀ síwájú dé Ghana, yóò rí odi Elmina tí àwọn Potogí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1482. Fún ẹni tó ń tọ ipasẹ̀ òwò ẹrú, ṣàṣà ni ọ̀nà bọ́ọ̀sì tó kó ohun tó pọ̀ tó báyìí jọ.

Ní ibodè Hilacondji láàárín Benin àti Togo, aago yóò padà sẹ́yìn pẹ̀lú wákàtí kan. Lomé àti Aflao ti Ghana fara kanra, ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń sọdá kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ Accra.

Ìhà ìlà-oòrùn àti àríwá Nàìjíríà

Kò sí ọ̀nà àbùjá fún ẹni tó ti Àgbádárìgì ń lọ sí Onitsha, Abuja tàbí Kano. Yóò kọ́kọ́ padà sí Èkó. Maza-Maza ni ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì ìlà-oòrùn wà. Kí ọkọ̀ tó gbéra, èrò máa ń kọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù ẹbí rẹ̀ kan sínú ìwé ọkọ̀. Òrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń dúró kí èrò lè jẹun.