IBS àti ẹ̀fọ́rí túúlu

IBS (irritable bowel syndrome) ni àìsàn ìfun kan tó máa ń mú inú run lemọ́lemọ́, tó sì máa ń da ìgbẹ́ èèyàn rú: lónìí ìgbẹ́ gbuuru, lọ́la ìgbẹ́ ò ní jáde rárá, bẹ́ẹ̀ sì ni tí dókítà bá fi ẹ̀rọ wo inú ìfun yẹn kò ní rí egbò kankan níbẹ̀. Ẹ̀fọ́rí túúlu, tí wọ́n ń pè ní migraine lọ́sibítù, sábà máa ń mú ẹ̀gbẹ́ kan orí, á máa fọ́ bíi pé wọ́n ń fi òòlù lù ú, èébì á máa gbé èèyàn, kò ní fẹ́ rí iná kò ní fẹ́ gbọ́ ariwo, ó sì lè gbà tó wákàtí 4 sí 72 téèyàn ò bá lo òògùn. Ẹni tó bá ní ọ̀kan nínú méjèèjì, ó ṣeé ṣe kó ní ìkejì ju ẹni tí ò ní ìkankan lọ, àwọn obìnrin ló sì ń bá jà jù.

Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Turkey, tí àbájáde ẹ̀ jáde ní 2016, 54 nínú 100 àwọn tó ní túúlu ló ní IBS pẹ̀lú, àmọ́ láàárín àwọn tí ẹ̀fọ́rí tiwọn kàn ń fún orí pọ̀, 28 ni. Èèyàn tí wọ́n yẹ̀ wò ò pọ̀ ṣá, torí náà kí ẹnikẹ́ni má gbé 54 yẹn bí òfin.

Kí ló wá so inú mọ́ orí? Serotonin, kẹ́míkà kan tí iṣan ara fi ń ránṣẹ́ síra wọn, ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé inú ọpọlọ nìkan ló wà, bẹ́ẹ̀ nǹkan bíi 90 nínú 100 ẹ̀ inú ìfun ló wà, ibẹ̀ ló ti ń darí bí ìfun ṣe ń ti oúnjẹ lọ. Sumatriptan tí wọ́n ń lò fún túúlu, ojú ọ̀nà serotonin ló ń gbà ṣiṣẹ́. Alosetron tí wọ́n ṣe fún IBS onígbẹ́ gbuuru, ojú ọ̀nà serotonin náà ló ń dí. Lójú tèmi, CGRP ló tiẹ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere jù. Kẹ́míkà tó ń gbé ìrora kiri ni, ó wà lórí, ó wà nínú ìfun. Nígbà tí abẹ́rẹ́ erenumab tó ń dí i gba àṣẹ ní 2018, ó dín túúlu ọ̀pọ̀ èèyàn kù, àmọ́ àwọn kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìgbẹ́ tì, débi pé ní 2019 wọ́n fi ìkìlọ̀ nípa ẹ̀ kún ìwé òògùn náà. Síbẹ̀ kò tíì sí ẹ̀rí tó dájú pé IBS ló ń fa túúlu tàbí pé túúlu ló ń fa IBS.

Túúlu tiẹ̀ lè jẹ́ ti inú lára ọmọdé: ìdodo á máa ro ọmọ náà, ojú ẹ̀ á funfun, kò ní fẹ́ jẹun, orí ò sì ní fọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló máa ń ní túúlu gidi tí wọ́n bá dàgbà.

Nílẹ̀ Yorùbá, jẹ̀díjẹ̀dí ni wọ́n sábà máa ń pe irú inú rírun báyìí, agbo ló sì kàn. Agbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ lè fa wàhálà méjì, torí ọtí wà lára ohun tó ń gbé túúlu dìde fún àwọn kan, ó sì ń da inú oníIBS rú. Tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ tàbí téèyàn ń rù láìnídìí, kí wọ́n tètè rí dókítà, ìyẹn kì í ṣe àmì IBS.

Amitriptyline díẹ̀díẹ̀ lálaalẹ́ wà lára òògùn tó lè bá méjèèjì wí: ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi dènà túúlu, ìwádìí ńlá kan ní England ní 2023 sì fi hàn pé ó ń ran oníIBS lọ́wọ́, bẹ̀rẹ̀ láti miligíráàmù 10 dé 30. Wàhálà ẹ̀ ni pé ó máa ń mú ìgbẹ́ le, torí náà ẹni tí IBS tiẹ̀ jẹ́ ti àìrígbẹ́yà gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kó tó kọ ọ́ fún un.