Ara rẹ̀ le koko, kí ló ń gba owó ṣọ́jà sí?

Ẹ jókòó níbi súná kan ní Ìlọrin lóde òní, tàbí níbi ìsìnkú àgbà ní Òmù-Àrán, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ọ: "Ọmọ Alájì tó ti Amẹ́ríkà dé yẹn, ọdún mẹ́rin péré ló fi ṣe ṣọ́jà. Kò lọ ojú ogun. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pé, ó ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn ọmọ àdúgbò. Síbẹ̀, oṣooṣù ni dọ́là ń wọlé, wọ́n ní owó àìlera ni. Àìlera wo?" Ẹnì kan á fi ẹnu sí i pé Yahoo ni, aṣọ ṣọ́jà ni wọ́n fi bò ó. Àwọn tó kù á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì gbà á gbọ́.

Oníjìbìtì wà láyé, n ò jiyàn. Àmọ́ nínú gbogbo ohun tí wọ́n kà sílẹ̀ yẹn, ọdún tí kò pọ̀, ojú ogun tí kò dé, ẹsẹ̀ tó pé, bọ́ọ̀lù tó ń gbá, kò sí ọ̀kan tó ní kí ọmọ náà má gba owó rẹ̀. Ojú pẹ́ńṣọ̀n tiwa la fi ń wò ó. Nílé níbí, èèyàn á ṣiṣẹ́ títí ọdún rẹ̀ á fi pé, á fẹ̀yìn tì, wọ́n á ka ọdún iṣẹ́, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í san nǹkan fún un. Owó tí ọmọ Alájì ń gbà kò bá ọdún iṣẹ́ tan rárá. Owó gbà-má-bínú ni: iṣẹ́ yín ló ba nǹkan jẹ́ lára mi, ẹ san án.

Ohun tó ń dùn mí ju òfófó lọ ni pé àwọn ọmọ náà fúnra wọn gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Ẹ ó rí èyí tí orúnkún ń dà láàmú láti ìgbà tó ti kúrò nínú iṣẹ́ náà, tí kò lè gun àtẹ̀gùn láìdi ògiri mú, á ní òun ò lè béèrè nǹkan kan, pé ẹni tí ìbọn bà ló ni owó yẹn.

Ó ní ìdí tí àwọn ọmọ wa tó ṣe ṣọ́jà Amẹ́ríkà fi wà láàárín wa. Láti 2009, ilé-iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ní ètò kan tó ń jẹ́ MAVNI. Wọ́n fi ń gba àlejò tó wà lórílẹ̀-èdè wọn lọ́nà òfin sí iṣẹ́ ológun, bó bá jẹ́ oníṣègùn tàbí bó bá gbọ́ èdè tí wọ́n ń wá. Yorùbá wà lára àwọn èdè náà. Èdè tí tíṣà ń tìtorí rẹ̀ na ọmọ ní kíláàsì, òun náà ló wá sọ ẹlòmíràn di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà. Wọ́n dá ètò náà dúró ní 2016, àmọ́ ẹni tó bá ní gírín káàdì ṣì lè wọṣẹ́ ọ̀hún.

Owó mẹ́ta la máa ń pò mọ́ra wọn. Èkíní ni ti ìfẹ̀yìntì gan-an, èyí tó jọ tiwa. Ẹni tó bá lo 20 ọdún nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ló sábà máa ń gbà á. Ẹni tó lo ọdún mẹ́rin kò sí níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká fò ó.

Èkejì wà lọ́wọ́ VA, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ti bọ́ aṣọ ogun sílẹ̀. Pension ni VA ń pè é, àmọ́ ti aláìní ni. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ ti pé 65 ọdún, tàbí kí ara rẹ̀ ti bàjẹ́ pátápátá débi pé kò sí ìrètí pé yóò san; ohun tó bà á jẹ́ kò di dandan kó jẹ́ iṣẹ́ ológun. Owó tó ń wọlé fún un àti dúkìá tó ní kò sì gbọdọ̀ kọjá iye tí òfin là kalẹ̀. Ó tún gbọ́dọ̀ ti sìn ní ìgbà ogun. Ìgbà ogun ni mo wí o, n kò sọ pé ojú ogun. Lójú òfin wọn, ìgbà ogun Gulf tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ 1990 kò tíì parí títí di òní, nítorí náà ẹni tó jókòó ní ọ́fíìsì ní Texas ní 2014, tó ń ka bàtà àti bẹ́líìtì, ìgbà ogun ló sìn yẹn.

Ẹ̀kẹta lọ̀rọ̀ wa, owó gbà-má-bínú, èyí tí VA ń san fún ẹni tí iṣẹ́ ológun dá àìlera sí lára. Ohun tí wọ́n ń wò kò ju mẹ́ta lọ: ṣé àìlera náà wà lára rẹ lónìí, ṣé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nígbà tó o wà lẹ́nu iṣẹ́, ṣé ẹ̀rí ìṣègùn so méjèèjì pọ̀. Bó bá jẹ́ pé àìsàn náà ti wà lára rẹ tẹ́lẹ̀ tí iṣẹ́ náà wá mú un le sí i, ó wọlé. Wọn kì í béèrè iye tó wà ní báńkì. Bó ò bá ti kúrò pẹ̀lú àbùkù, tí wọ́n lé ọ bí ẹni tó dójú tì wọ́n, ọdún tó o lò níbẹ̀ kì í sábà jẹ́ wàhálà.

Ọmọ tó fò sílẹ̀ láti orí ọkọ̀ akẹ́rù ní pápá ìdánilẹ́kọ̀ọ́, tí orúnkún rẹ̀ yẹ̀, kò nílò ọta ìbọn kankan láti fi ṣẹlẹ́rìí. Ẹ wo èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo ohun tí VA ń sanwó lé lórí: etí híhó ni. Ariwo ìbọn níbi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́, ariwo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú, títí etí á fi máa dún wììì lóru tí gbogbo ilé bá dákẹ́. Ta ló lè fi ojú rí ìyẹn lára ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù? Ọkàn tí kò balẹ̀ mọ́ náà wà níbẹ̀, ẹni tó ń ta gìrì lójú oorun, tí kò lè dúró níbi tí wọ́n bá ti ń yin báńgà. Láti ìgbà tí wọ́n sì ti fọwọ́ sí òfin PACT ní oṣù Kẹjọ 2022, àwọn tó fa èéfín ibi tí wọ́n ti ń sun pàǹtírí ní Iraq àti Afghanistan kò ní máa wá ẹ̀rí kiri pé èéfín náà ló fa ọ̀pọ̀ àrùn jẹjẹrẹ àti àìsàn èémí kan tó bá wọn. Òfin ti gbà á bẹ́ẹ̀.

VA á wá fi pásẹ́ńtì díwọ̀n rẹ̀, mẹ́wàá mẹ́wàá, láti òdo dé 100. Àròpọ̀ rẹ̀ ló máa ń da àwọn òbí láàmú nígbà tí ọmọ bá fi lẹ́tà náà hàn wọ́n lórí fóònù. Ká ní wọ́n kọ 50 fún àìsùn àti ìbẹ̀rù, wọ́n kọ 30 fún orúnkún. Bàbá á ní 80 ni. Lẹ́tà á ní 70. Bàbá á ní òyìnbó ti rẹ́ ọmọ òun jẹ. Wọn kò rẹ́ ẹ jẹ. Bí ẹni ń gé iṣu ni: 50 àkọ́kọ́ wọ́n gé e lára odidi iṣu, ó ku ìdajì, 30 tó tẹ̀ lé e, ìdajì tó ṣẹ́kù ni wọ́n ti gé e, ìyẹn 15. Ẹ ro 50 pọ̀ mọ́ 15, 65 ni, wọ́n á sún un sókè dé 70. Ìdí nìyí tó fi ṣòro láti dé 100. Etí híhó kì í ju 10 lọ.

Ní ti owó, gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2024, tí wọ́n lò ní 2025, ẹni tó ní 10 tí kò ní ìyàwó àti ọmọ gba dọ́là 175.51 lóṣù, ẹni tó ní 100 gba dọ́là 3,831.30. Wọ́n máa ń fi díẹ̀ kún un lọ́dọọdún bí ọjà bá wọ́n. Wọn kì í gba owó orí lára rẹ̀. Òdo náà ní èrè: kò sí owó lórí rẹ̀, àmọ́ wọ́n ti gbà pé iṣẹ́ wọn ló fà á, bó bá burú sí i lọ́la, ọ̀nà ti là.

"Bó bá ti gba 100, kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ mọ́." Irọ́ tó ní òtítọ́ díẹ̀ nínú nìyí. Ẹni tí àròpọ̀ pásẹ́ńtì rẹ̀ dé 100 fúnra rẹ̀ lè ṣiṣẹ́ báńkì, kó máa wa takisí, kó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Tanke, kò sẹ́ni tó máa mú un. Àmọ́ àwọn kan wà tí pásẹ́ńtì wọn kò tó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n wá sọ fún VA pé àìlera náà kò jẹ́ káwọn lè di iṣẹ́ gidi mú, tí VA sì ń san owó 100 fún wọn nítorí ìyẹn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè yí ẹ̀yìn padà kó lọ gba iṣẹ́ olówó ńlá, á kó sí wàhálà. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn èkejì ló ń tò ó mọ́ èkíní lórí.

Ọ̀rọ̀ àtipadà wálé ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló rò pé bí ọmọ bá ti kó wá sí Ọ̀fà, owó dúró. Owó gbà-má-bínú VA kì í dúró torí pé ẹni tó ń gbà á ń gbé òkè òkun. SSI ló da ọ̀rọ̀ náà rú, owó ìrànwọ́ aláìní mìíràn ní Amẹ́ríkà tí kò kan iṣẹ́ ológun. Ìyẹn máa ń dúró bí èèyàn bá kúrò níbẹ̀ tó sì lo 30 ọjọ́ níta. Kódà VA ní ètò ìtọ́jú kan fún àwọn tó wà lẹ́yìn odi, Foreign Medical Program. Bí orúnkún bá wà nínú lẹ́tà, tó sì gbé e lọ sí UITH, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìlọrin, wọ́n lè san owó ìtọ́jú orúnkún náà padà fún un bí rìsíìtì bá pé. Ibà tí ẹ̀fọn Ìlọrin kó ràn án kò kàn wọ́n. Ohun tó lè gé owó rẹ̀ ni àdírẹ́sì: VA lè pè é pé kó wá fún àyẹ̀wò, lẹ́tà á lọ sí ilé tó ti kó kúrò, kò ní dáhùn, wọ́n á sì dín in kù. Kó yára yí àdírẹ́sì náà padà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ fetí sí èyí. Bí ọmọ bá ní 30 pásẹ́ńtì sókè, wọ́n máa ń fi nǹkan kún owó rẹ̀ nítorí ìyàwó àti ọmọ, àti nítorí bàbá tàbí ìyá tó jẹ́ pé òun ló ń bọ́ wọn. Ìyá tó wà ní Ajàṣẹ́-Ìpo lè wọ inú ìwé yẹn bí ẹ̀rí bá wà pé òótọ́ ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kọ ọ́ bí ẹ bá ní ilé tí ayálégbé ń sanwó rẹ̀ dáadáa o. Irọ́ pípa sí VA, ẹ̀wọ̀n ni.

Kò sì sẹ́ni tó yẹ kó gba owó lọ́wọ́ yín láti fi kọ ìwé àkọ́kọ́. Òfin wọn kà á léèwọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ajagunfẹ̀yìntì tí VA fọwọ́ sí ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́yà tí VA mọ̀ lè gba owó, àmọ́ ó di ìgbà tí VA bá ti kọ́kọ́ dáhùn. Ẹni tó bá ní òun máa "ṣe é" kí ọmọ gba 100, tí òun á sì mú oṣù mélòó kan níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè owó náà ni 21-526EZ. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò tíì pé lè kọ́kọ́ fi tó wọn létí pé òun ń bọ̀, wọ́n á di ọjọ́ yẹn mú fún ọdún kan. Bí wọ́n bá gbà fún un, láti ọjọ́ náà ni wọ́n á ti ṣírò owó rẹ̀. Ẹni tó bá béèrè láàárín ọdún kan tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ kejì tó kúrò ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ kíkà.

Èrò pé ẹni tí ìbọn bà nìkan ló ni owó yìí kò yọ àwọn ṣọ́jà tiwa ní bárékè Sóbì ní Ìlọrin sílẹ̀. Military Pensions Board ní Abuja ló ń san owó tiwọn, kì í ṣe PenCom, àjọ tó ń bójú tó pẹ́ńṣọ̀n àwọn òṣìṣẹ́. Láti 2011 ni wọ́n ti yọ àwọn ológun kúrò nínú ètò tí òṣìṣẹ́ fi ń dá owó pẹ́ńṣọ̀n lára owó oṣù rẹ̀. Legion, ẹgbẹ́ àwọn ajagunfẹ̀yìntì tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣọ́ géètì káàkiri, kọ́ ló ń san án. Abala 173 nínú ìwé òfin 1999 ní kí wọ́n tún pẹ́ńṣọ̀n gbé yẹ̀ wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí bí owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ bá yí, èyí tó bá kọ́kọ́ dé, kí ẹnikẹ́ni má sì gba owó orí lára rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé e, ẹ bi àwọn àgbà tó ń ṣe ìwọ́de lọ sí ilé-iṣẹ́ ètò ìnáwó ní Abuja.

Owó àìlera wà nínú ètò pẹ́ńṣọ̀n ológun tiwa pẹ̀lú, ìgbìmọ̀ dókítà ológun ló ń díwọ̀n rẹ̀. Níbẹ̀, ìwé lọ̀rọ̀ wà. Ṣọ́jà tó já bọ́ lórí ọkọ̀ ní ọ̀nà Jẹ́bbà, tí kò jẹ́ kí ilé ìwòsàn bárékè kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀ torí pé kò fẹ́ kí ọ̀gá pè é ní ọ̀lẹ, kò ní rí ohun tí yóò gbé síwájú ìgbìmọ̀ náà. Kó lọ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ báyìí, kó gba ẹ̀dà rẹ̀ sọ́wọ́, kó tó di pé ó bọ́ aṣọ.