Foyer: ibùwọ̀ olówó pọ́ọ́kú fún àwọn òṣìṣẹ́ àtìpó ní ilẹ̀ Faransé

Foyer ni orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ilé àjùmọ̀gbé tí ìjọba ilẹ̀ Faransé àti oríṣiríṣi ẹgbẹ́ aláàánú kọ́, pàápàá láti ọdún 1956 síwájú, fún àwọn ọkùnrin tó wá ṣiṣẹ́ láti Àríwá àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Owó ibẹ̀ kéré sí owó ilé ìyálégbé. Yàrá ibẹ̀ há, ilé ìdáná, balùwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì jẹ́ ti gbogbo ilé. Èrò àwọn tó dá a sílẹ̀ ni pé ọkùnrin tó bá dé yóò wọ̀ síbẹ̀ fún ọdún díẹ̀, yóò ṣiṣẹ́, yóò máa fowó ránṣẹ́, yóò sì padà sọ́dọ̀ ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò padà. Àwọn kan wọ ibẹ̀ ní géńdé, wọ́n sì darúgbó síbẹ̀. Gbogbo ìjà tó ti wáyé lórí foyer, ìbáà ṣe lórí ìwọ̀n yàrá, lórí òfin àlejò tàbí lórí owó oṣooṣù, inú èrò àkọ́kọ́ yẹn ni gbòǹgbò rẹ̀ wà.

Kí foyer tó dé

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, iṣẹ́ pọ̀ ju ọwọ́ lọ ní Faransé. Ìlú tí bọ́ǹbù bàjẹ́ ń fẹ́ àtúnkọ́, kòtò èédú ń fẹ́ awakùsà, ilé iṣẹ́ mọ́tò bíi Renault ní Boulogne-Billancourt sì ń fẹ́ ẹni tí yóò dúró ti ẹ̀rọ. Àlgéríà ṣì wà lábẹ́ Faransé nígbà náà, nítorí náà àwọn ọkùnrin ibẹ̀ lè wọkọ̀ ojú omi lọ sí Marseille láìsí ẹni tí yóò bi wọ́n ní ìwé àṣẹ. Iṣẹ́ wà fún wọn, ilé ni kò sí. Àwọn ọmọ onílẹ̀ pàápàá ń wá yàrá kiri: ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 1954, nígbà tí òtútù ń pa àwọn aláìnílé sí ojú pópó, àlùfáà kan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Abbé Pierre lọ sórí rédíò láti bẹ ará ìlú fún ìrànlọ́wọ́.

Àwọn ará Àlgéríà ń sùn ní yàrá òkè ilé ọtí tó jẹ́ ti ará ìlú wọn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán lè jọ ní ibùsùn kan ṣoṣo, kí èkíní máa dìde fún èkejì. Àwọn tí kò rí ìyẹn kọ́ ahéré pákó àti páànù sí etí ìlú. Èyí tó lókìkí jù ni ti Nanterre, ní ìwọ̀-oòrùn Paris, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ti gbé nínú ẹrẹ̀, tí àwọn tó ń tò sídìí ẹ̀rọ omi kan sì pọ̀ lọ súà.

Sonacotral

Ní 1956, ìjọba dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó kọ́ ilé fún àwọn òṣìṣẹ́ Àlgéríà lọ. Sonacotral ni wọ́n sọ ọ́. Eugène Claudius-Petit, tó ti ṣe mínísítà fún àtúnkọ́ ìlú rí, ni wọ́n fi ṣe alága, ó sì wà lórí oyè náà títí di 1977. Foyer àkọ́kọ́ ilé iṣẹ́ yìí ṣílẹ̀kùn ní Argenteuil ní 1959.

Àánú nìkan kọ́ ló bí i. Ogun òmìnira Àlgéríà ti bẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Kọkànlá ọdún 1954, ẹgbẹ́ FLN tó ń jà fún òmìnira náà sì ń gba owó lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó wà ní Faransé láti fi jagun náà. Bí wọ́n bá kó àwọn ọkùnrin wọ̀nyí kúrò nínú ahéré lọ sábẹ́ òrùlé tí ìjọba ń ṣọ́, wọn yóò lè gé okùn owó yẹn. Láti 1958, àpò ìjọba kan tí wọ́n ń pè ní FAS bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn sanwó ìkọ́lé. Ó yẹ kí òǹkàwé mọ ibi tí owó náà ti wá. Òṣìṣẹ́ tí ìdílé rẹ̀ wà ní Àlgéríà ń gba owó ìtọ́jú ọmọ tó kéré sí ti ẹni tí ìdílé rẹ̀ wà ní Faransé, apá kan nínú ohun tí wọ́n fi rẹ́ ẹ jẹ yìí ló sì wọ àpò FAS. Èyí ni pé àwọn bàbá náà fi owó àwọn ọmọ wọn kọ́ lára ilé tí àwọn fúnra wọn tún ń sanwó láti gbé.

Àlgéríà gba òmìnira ní 1962. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n yọ orúkọ Àlgéríà kúrò lára ti ilé iṣẹ́ náà, ó di Sonacotra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba àtìpó láti orílẹ̀-èdè mìíràn.

Àwọn ará etí odò Sẹ̀nẹ̀gà

Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 1960, àwọn ọkùnrin láti àfonífojì odò Sẹ̀nẹ̀gà, níbi tí Málì, Mọriténíà àti Sẹ̀nẹ̀gà ti pààlà, bẹ̀rẹ̀ sí í dé lọ́pọ̀lọpọ̀. Ẹ̀yà Sóníńké ló pọ̀ jù nínú wọn, pàápàá àwọn tó wá láti agbègbè Kayes ní Málì. Ìrìn àjò kì í ṣe ohun tuntun fún Sóníńké: oníṣòwò ni àwọn baba ńlá wọn, àwọn kan sì ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi Faransé ṣáájú ogun. Faransé bá Málì àti Mọriténíà ṣe àdéhùn lórí òṣìṣẹ́ ní 1963, ó bá Sẹ̀nẹ̀gà ṣe tirẹ̀ ní 1964.

Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ló kọ́kọ́ gba púpọ̀ nínú wọn sílé. AFTAM bẹ̀rẹ̀ ní 1962, Stéphane Hessel, tó jẹ́ aṣojú ilẹ̀ Faransé sí òkèèrè, sì wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Soundiata tẹ̀ lé e ní 1963. Ilé iṣẹ́ tó ti kógbá sílé ni wọ́n sábà máa ń gbà, wọ́n á to bẹ́ẹ̀dì sínú rẹ̀ ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́. Ilé tí wọ́n ti ń ṣe dùùrù tẹ́lẹ̀ ni foyer òpópónà Bara ní Montreuil, tó ṣílẹ̀kùn ní 1968.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀nyí ni àwọn onílé tó ń kó èèyàn jọ bí ẹní kó ẹrù, tí wọ́n ń gbowó orí bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan. Ní òru kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970, ọmọ Áfíríkà 5 kú sínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Aubervilliers, ní ìhà àríwá Paris. Ilé náà kò ní ohun tó ń mú un móoru. Wọ́n dáná sínú yàrá kí wọ́n lè yá a, afẹ́fẹ́ olóró sì pa wọ́n sójú oorun. Ikú wọn mi Faransé tìtì. Jacques Chaban-Delmas, tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà, lọ wo àwọn ilé Aubervilliers fúnra rẹ̀ nínú oṣù Kejì, òfin ọjọ́ 10 oṣù Keje 1970 sì fún ìjọba lágbára láti tú àwọn ilé tí kò yẹ ọmọ èèyàn ká. Láti ìgbà náà ni kíkọ́ foyer ti yára sí i.

Ilé àti òfin rẹ̀

Bí fúláàtì ìdílé ni wọ́n ṣe kọ́ ọ̀pọ̀ foyer Sonacotra, kí wọ́n tó wá fi ògiri fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ gé pálọ̀ àti yàrá rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Wọ́n gbà pé lọ́jọ́ tí àwọn àtìpó bá lọ tán, wọn yóò wó ògiri náà, kí ìdílé Faransé lè wọlé. Yàrá tó kéré jù kò ju mítà onígun mẹ́rin 4.5 lọ: bẹ́ẹ̀dì kan, àga kan, kọ́bọ́ọ̀dù kan, ó parí. Bí ẹni tó wà ní yàrá kejì bá wúkọ́, ìwọ náà á gbọ́. Ẹni tó ti gbé ilé ojúkojú ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn yóò mọ bí ilé ìdáná kan ṣe ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ilé ojúkojú, ìyàwó àti ọmọ lè wà lọ́dọ̀ ẹni.

Nínú foyer, wọn kò lè sí níbẹ̀. Obìnrin kò gbọ́dọ̀ wọlé, àlejò gbọ́dọ̀ jáde kí alẹ́ tó lẹ́, ọ̀gá foyer sì lè ṣílẹ̀kùn yàrá nígbàkúùgbà. Nínú àwọn ọ̀gá ọ̀hún, àwọn tó ti jẹ́ ológun ní Indochina tàbí ní Áfíríkà kò níye, bí wọ́n sì ṣe ń pàṣẹ fún àwọn ọmọ ogun ni wọ́n ṣe ń pàṣẹ fún àwọn tó ń gbé ilé. Èyí tó burú jù ni pé òfin kò ka àwọn olùgbé sí ayálégbé. Owó tí wọ́n ń san kì í ṣe owó ilé lójú òfin, wọ́n sì lè lé wọn jáde láìdé ilé ẹjọ́.

Ayé tí wọ́n dá sínú rẹ̀

Àwọn ará odò Sẹ̀nẹ̀gà kò gbé foyer bí ẹni tó wà ní hòtẹ́ẹ̀lì. Àwọn ọmọ abúlé kan náà á jọ wà ní àgbàlá kan náà, àwọn àgbà a máa dájọ́ bí wọ́n ṣe ń dá a nílé, ìmáàmù sì wà. Wọ́n ń se oúnjẹ pọ̀ nínú ìkòkò ńlá, ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹ̀pà. Nígbà tó yá, ilé ìdáná foyer di ibi tí aládùúgbò tí kò lówó lọ́wọ́, aláwọ̀ funfun pẹ̀lú, ti ń ra oúnjẹ tó pọ̀ ní owó díẹ̀. Onígbàjámọ̀, aránṣọ, alágbẹ̀dẹ tó ń rọ òrùka, àwọn tó ń ta gúgúrú ẹ̀pà, obì àti sìgá lẹ́nu ọ̀nà: gbogbo wọn wà níbẹ̀.

Àjọ ni ọ̀pá tó gbé gbogbo rẹ̀ ró. Olúkúlùkù ń dá owó sínú àpò abúlé rẹ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé òkú lọ sin sílé, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń ran aláìsàn lọ́wọ́, inú rẹ̀ náà ni owó mọ́sálásí, ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti kànga ti wá ní ọ̀pọ̀ abúlé agbègbè Kayes. Àwọn agbálẹ̀ títì ìlú Paris àti àwọn afọ-abọ́ ilé oúnjẹ rẹ̀ ṣe ohun tí ìjọba kò ṣe fún àwọn abúlé wọ̀nyẹn, wọ́n sì ṣe é láti orí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń san owó díẹ̀ lé.

Ọmọ ìyá tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, foyer ló ń wọ̀ sí. Ta ló máa lé e? Wọ́n á tẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì sílẹ̀ láàárín bẹ́ẹ̀dì méjì. Bí ilé ṣe kún àkúnya nìyẹn. Àwọn aláṣẹ ń pe èyí ní ìwà àìlófin, àwọn olùgbé sì ń wò ó pé ìtìjú ńlá ni kí ará ilé ẹni sùn síta.

Ní àkọ́kọ́, ìrọ́pò ni ètò wọn. Ọkùnrin kan á ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan, á padà sílé, àbúrò rẹ̀ á sì wá gba ibùsùn rẹ̀. Ìjọba Faransé fòpin sí i nígbà tó dá wíwọlé àwọn òṣìṣẹ́ tuntun dúró ní oṣù Keje 1974. Ẹni tó bá jáde kò mọ̀ mọ́ bóyá ọ̀nà yóò ṣí fún un tàbí fún àbúrò rẹ̀. Nítorí náà, wọ́n jókòó. Òfin tí wọ́n fi fẹ́ dín àtìpó kù ló sọ ibùwọ̀ ìgbà díẹ̀ di ibùgbé títí ayé.

Ìyanṣẹ́ owó ilé, 1975 sí 1980

Sonacotra ń fi owó kún owó oṣooṣù léraléra. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975, àwọn olùgbé foyer Romain Rolland ní Saint-Denis kọ̀ láti san án. Ìkọ̀sílẹ̀ náà ràn dé foyer tó ju 100 lọ, láàárín àwọn ará Àlgéríà, Mòrókò, Pọtogí, Málì àti Sẹ̀nẹ̀gà, tí wọ́n yan aṣojú láti foyer kọ̀ọ̀kan sínú ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ṣe kedere: kí wọ́n dín owó kù, kí àlejò lè wọlé, kí wọ́n yọ àwọn ọ̀gá ológun, kí òfin sì kà wọ́n sí ayálégbé.

Ní oṣù Kẹrin 1976, ọlọ́pàá kó àwọn aṣojú mélòó kan, wọ́n lé wọn kúrò ní ilẹ̀ Faransé. Ilé ẹjọ́ gíga fagi lé àṣẹ náà lẹ́yìn náà, wọ́n sì padà. Ìyanṣẹ́ náà wọ 1980 kó tó rọ̀. Òfin inú ilé dẹ̀ díẹ̀, wọ́n gba àlejò láyè, ṣùgbọ́n wọn kò fún wọn ní ipò ayálégbé. Òfin oṣù Kejìlá 2000 ni wọ́n dúró dè kí olùgbé foyer tó ní ẹ̀tọ́ sí ìwé àdéhùn àti sí ìgbìmọ̀ tí yóò máa bá ọ̀gá ilé sọ̀rọ̀.

Láti foyer sí yàrá adágbé

Ní 1996, aṣòfin Henri Cuq kọ ìròyìn kan fún ìjọba tó bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn foyer ará Áfíríkà: ó ní wọ́n kún jù, òwò inú wọn kò bófin mu. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ rí ìròyìn náà bí ìwọ̀sí. Ní ọdún 1997, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò ńlá láti wó àwọn foyer tàbí láti tún wọn kọ́ sí ilé oníyàrá adágbé, tí olúkúlùkù ní ilé ìdáná àti balùwẹ̀ tirẹ̀. Sonacotra fúnra rẹ̀ di Adoma ní 2007.

Ìtura gidi ló jẹ́ fún ẹni tó ti fi ogún ọdún tò sídìí balùwẹ̀ kan. Síbẹ̀ nǹkan sọnù. Ilé tuntun kò ní ilé ìdáná ńlá, ibi ìpàdé rẹ̀ kéré, owó rẹ̀ sì ga. Kò sí àyè fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí lórí ìwé, nítorí náà àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bọ́ síta. Ní Montreuil, foyer Bara ti bàjẹ́ débi pé ní 2018 olórí ìlú fi agbára òfin gba ilé ìjọba kan tó ṣófo, wọ́n sì kó àwọn olùgbé lọ síbẹ̀ kí wọ́n tó wó Bara.

Àwọn àgbà

Púpọ̀ nínú àwọn tó kù láti ìgbà àkọ́kọ́ ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ń pe àwọn ará Àríwá Áfíríkà nínú wọn ní chibani. Owó ìfẹ̀yìntì wọn kéré, nítorí pé àwọn ọ̀gá iṣẹ́ kan kò san owó ìfẹ̀yìntì tó yẹ kí wọ́n san fún wọn, nítorí náà wọ́n gbára lé owó ìrànwọ́ àgbà. Owó ìrànwọ́ yìí kì í tẹ̀ lé èèyàn kọjá ẹnubodè. Ẹni tó ń gbà á gbọ́dọ̀ wà ní Faransé ju oṣù 6 lọ lọ́dún, láti 2023 sì ni wọ́n ti sọ ọ́ di oṣù 9. Bàbá arúgbó tó fẹ́ wà pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ ní Kabylia ní Àlgéríà tàbí ní Kayes ní láti máa ka ọjọ́. Òfin ọdún 2007 ṣe ètò owó mìíràn fún àwọn tó bá fẹ́ padà sílé fún àkókò gígùn, ṣùgbọ́n 2016 ni ètò náà tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n torí wọn ṣe é sì ti kú kó tó dé.

Lónìí, àwọn àgbà wọ̀nyí ń bá àwọn ọmọ Faransé tí kò lówó ilé gbé nínú ilé Adoma. Adoma náà ti di ọ̀kan lára àwọn tó ń pèsè ibùsùn jù lọ fún àwọn tó ń wá ààbò ní Faransé, lára wọn ni àwọn ará Afghanistan àti Sudan, tí wọ́n ń dúró de ìdáhùn sí ìwé tí wọ́n kọ sí ìjọba.