Dísìkì fún láptọ́ọ̀pù géèmù: ẹ wo ihò kí ẹ tó wo páálí

Lójú páálí tí wọ́n fi di SSD, ìyẹn dísìkì tí ń tọ́jú fáìlì sínú ṣíìpù láìní ohun tí ń yí nínú rẹ̀, òǹkà ìyára kan máa ń wà tí wọ́n kọ gàdàgbà ju gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù lọ: 3,500, tàbí 7,000, tàbí 14,000 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òǹkà yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń gbé láptọ́ọ̀pù géèmù wá sọ́dọ̀ mi fi ń díwọ̀n dísìkì, wọ́n sì gbà pé èyí tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù ni géèmù yóò yá jù lórí rẹ̀. Títú láptọ́ọ̀pù àti pípààrọ̀ ohun tí ó bàjẹ́ nínú rẹ̀ ni iṣẹ́ òòjọ́ mi, òǹkà ojú páálí náà sì ni ohun tí mo máa ń wò kẹ́yìn. Ihò tí dísìkì yóò wọ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò, lẹ́yìn náà àyè tí ó ní, lẹ́yìn náà ooru rẹ̀.

Ẹnìkan gbé SSD tuntun wá bá mi nígbà kan pẹ̀lú ìbínú, pé èyí tí ó ti bàjẹ́ ni wọ́n tà fún òun, nítorí pé láptọ́ọ̀pù òun kò rí i rárá. Mo fi í sínú kọ̀ǹpútà mìíràn, ó sì ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà. M.2 ni wọ́n kọ sára SSD náà, M.2 ni wọ́n kọ sínú ìwé láptọ́ọ̀pù rẹ̀, ó sì wọ ihò náà rẹ́gí. Ohun tí kò mọ̀ ni pé orúkọ ìrísí lásán ni M.2, kì í ṣe orúkọ èdè tí dísìkì fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Èdè méjì ni ó wà níbẹ̀: SATA, tí ó ti pẹ́, àti NVMe, tí ń gba ojú ọ̀nà PCIe kọjá. Ihò kan lè gbọ́ èdè méjèèjì, òmíràn SATA nìkan, òmíràn NVMe nìkan. SATA ni SSD tí ó rà, ihò rẹ̀ kò sì gbọ́ ju NVMe lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, àlàfo méjì ni wọ́n ń gé sí ẹnu M.2 tí ó jẹ́ SATA, ẹyọ kan sì ni ti NVMe, ṣùgbọ́n ìwé tí àwọn tí ó ṣe láptọ́ọ̀pù náà kọ nípa rẹ̀ ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé.

Inú ìwé kan náà ni ẹ óò ti rí gígùn tí ihò náà gbà. Nínú 2280, 2242 àti 2230, 22 ni ìbú dísìkì ní mìlímítà, òǹkà méjì tí ó kù sì ni gígùn rẹ̀. 2280 ni ó wọ́pọ̀ jù, ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ṣe ní pẹlẹbẹ kí ó lè rọrùn láti gbé kiri lè ní ihò kejì tí kò gbà ju 2242 tàbí 2230 lọ. Ẹ tún wò ó bóyá ojú kan ni wọ́n to ṣíìpù sí tàbí ojú méjèèjì, nítorí pé èyí tí ó ní ṣíìpù níwájú àti lẹ́yìn nípọn ju èkejì lọ, ó sì lè má rí àyè jókòó sí nínú láptọ́ọ̀pù tẹ́ẹ́rẹ́.

Ní ti ìyára, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ háàdì dísìkì àtijọ́, tí ó ní àwo tí ń yí ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan, àti orí ìkàwé tí ó gbọ́dọ̀ rìn dé ibi tí fáìlì wà kí ó tó lè kà á. Ìrìn yẹn ni ó ń fi àkókò ṣòfò, nítorí pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké ni géèmù máa ń bèèrè lẹ́ẹ̀kan náà. Orí ìkàwé yìí náà ni ìpalára rẹ̀: bí ẹ bá gbé láptọ́ọ̀pù tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ tí ó sì forí gbá nǹkan, orí náà lè fara kan àwo, kí gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀ ṣòfò. Nítorí náà, n kò gba ẹnikẹ́ni tí ń gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ kiri nímọ̀ràn láti lo háàdì dísìkì nínú rẹ̀ mọ́.

SSD tí ó jẹ́ SATA ń ka nǹkan bí 550 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. NVMe lórí PCIe 3.0 (òǹkà tí ó tẹ̀lé PCIe ń sọ ìran rẹ̀) ń ka nǹkan bí 3,500, ti PCIe 4.0 nǹkan bí 7,000, ti PCIe 5.0 sì lè dé 14,000. Kíkúrò lórí háàdì dísìkì bọ́ sórí SSD èyíkéyìí ni ìyàtọ̀ tí ojú yóò rí kedere. Láti SATA sí NVMe, nínú ọ̀pọ̀ géèmù, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni ẹ óò jèrè, láàárín PCIe 3.0 àti 4.0 sì rèé, ó ṣòro kí ẹ tó mọ èyí tí ẹ ń lò bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún yín. Ìdí ni pé fáìlì géèmù ti wà ní dídì pọ̀, CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, sì gbọ́dọ̀ tú u kí ó tó wúlò. Bí dísìkì bá ti gbé ẹrù dé ẹnu ọ̀nà, ó di dandan kí ó dúró de ẹni tí yóò tú u. Microsoft mú DirectStorage wá sórí Windows ní 2022 kí iṣẹ́ yìí lè yá sí i, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣe géèmù gbọ́dọ̀ kọ ọ́ mọ́ ọn kí ó tó ní ìwúlò kankan. Kò sì sí SSD tí yóò sọ GPU, ṣíìpù tí ń ya àwòrán géèmù, tí kò lágbára di alágbára.

Àyè ni ibi tí mo ti máa ń rọ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n náwó sí. Ọ̀pọ̀ géèmù ńlá ti kọjá 100 GB báyìí, bẹ́ẹ̀ ni 1 TB tí ẹ rà, 931 GB ni Windows yóò pè é, nítorí pé ìṣirò wọn kò dọ́gba: ẹni tí ó ṣe dísìkì ń ka ẹgbẹ̀rún, Windows ń ka 1,024. Ẹ yọ Windows fúnra rẹ̀ kúrò, kí ẹ tún fi nǹkan bí ìdá mẹ́wàá sílẹ̀ lófìfo, nítorí SSD tí ó kún dé ẹnu kì í rí àyè tó láti tún ara rẹ̀ tò, ó sì máa ń falẹ̀ bí ẹ bá ń kọ nǹkan sí i. Bí owó tí ẹ ní bá lè ra 2 TB tí ìyára rẹ̀ mọ níwọ̀n tàbí 1 TB tí ó yá jù, 2 TB ni kí ẹ mú.

Lára ohun tí ó máa ń dín owó SSD kù ni QLC, irú ṣíìpù tí wọ́n ti ń kó bíìtì mẹ́rin sínú yàrá kékeré kan dípò mẹ́ta tí irú kejì, TLC, ń kó. Bí ẹ bá ń da fáìlì ńlá sí i fún ìgbà pípẹ́, ìyára rẹ̀ lè já wálẹ̀ gidigidi lẹ́yìn tí àyè kékeré tí ó fi ń gba fáìlì kíákíá bá ti kún. Kíkà ni géèmù ń ṣe jù, nítorí náà QLC kò burú fún dísìkì kejì. TLC ni mo máa ń fi sí ibi tí Windows wà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pé SSD máa ń gbó dẹ́rù bà yín jù: 1 TB oníTLC tí wọ́n ṣe ìlérí pé a lè kọ 600 TB sí, bí ẹ bá ń kọ 50 GB sí i lójoojúmọ́, yóò gbà yín ju ọdún 32 lọ kí ẹ tó kọ iye náà tán. SSD tí kò ní DRAM (ìrántí kékeré tí ó yá) tirẹ̀, tí ń yá díẹ̀ lò lára RAM láptọ́ọ̀pù, tó fún géèmù.

Ooru ni ọ̀rọ̀ tí òǹkà ojú páálí kì í sọ. CPU àti GPU ti ń gbóná nínú àpótí tóóró kan náà, bí SSD bá sì gbóná kọjá ìwọ̀n, òun fúnra rẹ̀ yóò dín ìyára rẹ̀ kù. Ọ̀pọ̀ SSD PCIe 5.0 ń fẹ́ irin ńlá tí yóò máa fa ooru kúrò lára wọn, èyí tí láptọ́ọ̀pù kì í sábà ní àyè fún, wọ́n sì ń jẹ bátìrì jù. Bí ihò yín bá jẹ́ PCIe 3.0, SSD 4.0 yóò ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyára ihò náà ni yóò máa bá rìn.

Kí ẹ tó tú ìdérí láptọ́ọ̀pù, ẹ kọ kọ́kọ́rọ́ BitLocker (ohun tí Windows fi ń ti dísìkì pa) yín sílẹ̀ bí ó bá wà ní títàn, kí ẹ sì pa ẹ̀rọ náà pátápátá; bí ẹ bá ti tú u, okùn bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Bí dísìkì kejì kò bá hàn nínú Windows, ẹ kọ́kọ́ lọ sí Disk Management, nítorí pé dísìkì tuntun tí a kò tíì pín kì í hàn láàárín àwọn yòókù. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi ètò bí H2testw kọ fáìlì kún un tán, kí ó sì kà wọ́n padà, torí pé ayédèrú dísìkì wà tí ń pe ara rẹ̀ ní 2 TB tí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀; ẹ ṣe é nígbà tí ẹ ṣì lè dá a padà fún ẹni tí ó tà á.