Ọwọ́ mẹ́ta tí ẹni tí wọ́n mú ní Dubai ń gbà kọjá

Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ní Nàìjíríà, àgọ́ ọlọ́pàá ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ń parí sí. Ìyá á sáré dé, ẹ̀gbọ́n á wá ẹni tó mọ DPO, kó tó di ìrọ̀lẹ́ wọ́n á ti tú ọmọ sílẹ̀. Ọ̀nà ò gba ibẹ̀ ní UAE, orílẹ̀-èdè tí Dubai wà nínú rẹ̀. Owó tí ènìyàn bá nà sí ọlọ́pàá lábẹ́ tábìlì, ẹjọ́ kejì ló fi ra. Ohun tó lè mú ẹjọ́ kékeré rọlẹ̀ níbẹ̀ ni kí ẹni tó fẹjọ́ sùn fúnra rẹ̀ kọ̀wé pé òun ti fà á sẹ́yìn. Tanazul ni wọ́n ń pe ìwé yẹn.

Ẹ́mírétì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn ìpínlẹ̀ UAE bíi Dubai, ló ní ọlọ́pàá tirẹ̀, àmọ́ òfin kan náà ló ń darí bí wọ́n ṣe ń mú ènìyàn àti bí wọ́n ṣe ń tì í mọ́lé: òfin ìjọba àpapọ̀ 38 ti ọdún 2022, tó rọ́pò òfin 35 ti 1992. Ọlọ́pàá lè mú ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ níbi tó ti ń dá ẹ̀ṣẹ̀ ńlá láìgba àṣẹ ẹnikẹ́ni. Láti wọ ilé onílé lọ yẹ inú rẹ̀ wò, ó nílò ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò ìjọba, àyàfi tí ẹ̀ṣẹ̀ náà bá ń ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ obìnrin ni wọ́n fẹ́ yẹ ara rẹ̀ wò, obìnrin ni yóò yẹ̀ ẹ́.

Níbí ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ara wọn. Ó ti mọ́ wa lára láti na fóònù síta kí a máa ya fídíò nígbà tí ọlọ́pàá bá dá wa dúró. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti UAE, òfin 34 ti 2021, ka yíya àwòrán ẹlòmíràn láìgbàṣẹ àti gbígbé e síta sí ẹ̀ṣẹ̀. Èébú orí WhatsApp pàápàá ti gbé ènìyàn dé kóòtù níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá mú ènìyàn, aago ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Wákàtí 48 ni ọlọ́pàá ní láti fi í ránṣẹ́ sí Niyaba, ìyẹn ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ìjọba, tí ohun tó sọ kò bá dá a láre. Ní Niyaba, wọ́n gbọ́dọ̀ bi í léèrè láàárín wákàtí 24, kí wọ́n sì pinnu bóyá wọ́n á dá a dúró tàbí kó máa lọ. Ọjọ́ 7 ni Niyaba lè kọ́kọ́ fi tì í mọ́lé, wọ́n sì lè sún un síwájú fún ìgbà tí kò ju ọjọ́ 14 lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, adájọ́ nìkan ló lè fi kún un, ọgbọ̀n ọjọ́ ọgbọ̀n ọjọ́. Ó lè tún un ṣe, ó sì lè tún un ṣe sí i. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn fi ń pẹ́ ní àhámọ́ kí ẹjọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Èdè Lárúbáwá ni gbogbo ìwé. Ẹni tí kò gbọ́ ọ ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀, kó sì béèrè fún un kó tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Ìwé tí ènìyàn bá fọwọ́ sí ní àgọ́ ọlọ́pàá yóò bá a dé Niyaba, yóò tún ṣáájú rẹ̀ dé iwájú adájọ́. Kí wọ́n kà á sí i létí, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn, kódà bí ọlọ́pàá bá ń kánjú.

Òfin gba lọ́yà láyè láti jókòó ti ẹni tí wọ́n mú nígbà tí Niyaba bá ń bi í léèrè, àfi tí agbẹjọ́rò ìjọba bá ní ìwádìí náà kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ààyè tí òfin ṣí sílẹ̀ fún agbẹjọ́rò ìjọba níbí ti fẹ̀ jù. Tí ẹ̀sùn bá jẹ́ ti ikú tàbí ẹ̀wọ̀n gbére, tí olùjẹ́jọ́ kò sì ní lọ́yà, kóòtù ló máa yan ọ̀kan fún un, ìjọba á sì sanwó.

Àdéhùn Vienna ti 1963 ní kí wọ́n sọ fún ìjọba ẹni tí wọ́n mú, tí òun fúnra rẹ̀ bá béèrè. Ẹni tó bá dákẹ́, ó lè jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́. Nàìjíríà ní ẹ́ńbásì ní Abu Dhabi àti kọ́ńsólétì ní Dubai. Wọ́n lè bẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n lè ránṣẹ́ sílé, wọ́n lè júwe lọ́yà. Wọn ò lè gbà á jáde.

Tí béèlì bá wà, pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n sábà máa ń gbà sílẹ̀, nígbà mìíràn ti ẹni tó dúró fún un. Orúkọ ẹni tí wọ́n mú lè wọ inú ìwé àwọn tí kò gbọdọ̀ rìnrìn àjò. Láti oṣù kìíní 2022, sọ̀wédowó tí kò lówó nídìí kì í sábà gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n mọ́, ṣùgbọ́n gbèsè náà ṣì lè tì í mọ́ ìlú. Ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ ti parí gbọ́dọ̀ rí i dájú pé wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.